Ohun Tí Táwẹ́ẹ̀lì Mọ̀

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e síbẹ̀! Tábìlì yẹn ń gbóná!"

Ìyàwó alágbàfọ̀ ló pariwo bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti tẹ́ ìwé ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì ìlọṣọ, ó sì ti fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà ká. Ló bá fa ọwọ́ sẹ́yìn kíá, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Ìyàwó mi, ṣé ẹ ò lè kọ nǹkan síbẹ̀ pé ó ń gbóná ni?"

"Ooru tó ń rú túú yẹn ńkọ́, mà? Ṣé kò tó ìwé kíkọ ni?"

Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Funfun nítorí bí aṣọ ṣe máa ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀, nu ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó wá wo ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé wá. Ìwé tó ń dán ni. Àwòrán ilé gíga aláwọ̀ búlúù kan tó dojú kọ omi wà lókè rẹ̀, nọ́ńbà sì kún abẹ́ àwòrán náà.

"Kà á sókè," ni ẹ̀gbọ́n wí. Tíṣà ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kó tó fẹ̀yìn tì ní oṣù méjì sẹ́yìn, kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láì pàṣẹ.

Ọ̀gá Funfun kà á. "Nínú ọgbọ̀n ọjọ́, ilé kì í ṣófo fún ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"Ṣé o gbọ́? Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ọgbọ̀n! Fúláàtì kan ṣoṣo ló kù, àjà kẹta. Éjẹ́ńtì ní bí n ò bá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ẹtì, ẹlòmíràn ń dúró. Ìwọ lo máa bá mi ṣe ẹlẹ́rìí. Wẹ̀ dáadáa o, má gbé ọṣẹ tẹ̀lé mi wá."

Ilé tí wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀tìlẹ́ẹ̀tì ló fẹ́ fi í ṣe. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ á to bẹ́ẹ̀dì àti àga sí i, àlejò á wá gbà á fún ọjọ́ kan, ọjọ́ mẹ́ta, tàbí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á sì máa sanwó rẹ̀ ní alaalẹ́. Gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fẹ́ kó lé e lórí, kò ní ṣẹ́ nǹkan kan kù. Bí ilé náà bá ń rí àlejò, á máa jẹun ogbó rẹ̀ láì nawọ́ sí ọmọ kankan. Bí kò bá rí àlejò ńkọ́? Ẹni tó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún kì í tún padà lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà.

Ọ̀gá Funfun tún wo àwòrán náà. Ó mọ ilé búlúù yẹn. Òun ló ń fọ aṣọ fúláàtì mẹ́rin níbẹ̀, àti ti mẹ́jọ mìíràn káàkiri ìlú. Ohun kan sì wà nípa ìdì aṣọ ilé náà tó máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jókòó rò ó rí. Ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ tó bá ń ròyìn aṣọ oníbàárà kiri, kò ní pẹ́ tí á fi ku aṣọ tara rẹ̀ nìkan tí á máa fọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ka ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yẹn?"

"Èwo ni ta ló kà á? Ṣebí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀."

"Ẹni tó kọ ọ́, níbo ló ti rí i?"

"Lórí ẹ̀rọ ayélujára ni. Ẹ̀rọ ló kó gbogbo rẹ̀ jọ."

"Ẹ̀rọ ò kúkú sùn níbẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì wo àbúrò rẹ̀ bí ìgbà tó bá fẹ́ dá ọmọ dúró sórí ìjókòó.

"Ìwọ ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ ni?"

Ojú Ọ̀gá Funfun lọ sórí pẹpẹ, níbi tí ìwé ńlá kan wà, tí omi ti rọ etí rẹ̀. Fúláàtì kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ òwú tirẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ rán sí igun aṣọ, kí ti ẹnì kan má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ìdì bá ti wọlé báyìí, á kọ ọ́ sínú ìwé: òwú pupa, aṣọ bẹ́ẹ̀dì mélòó, táwẹ́ẹ̀lì mélòó. Torí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé aṣọ òun sọnù ló ṣe ń kọ ọ́. Kò fìgbà kan rò pé ó wúlò fún nǹkan mìíràn.

"Ẹ fún mi di Ọjọ́bọ̀," ló wí.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Iṣẹ́ àmúrelé ni, mà."

Ìyẹn pa ẹ̀gbọ́n lẹ́rìn-ín ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Ìwọ! Ìwọ tí o kì í ṣe iṣẹ́ àmúrelé láyé rẹ!" Ó ká ìwé rẹ̀, ó sì jáde.

Kí ẹ tó máa sọ pé kí ló kan alágbàfọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé rírà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Obìnrin yìí ló tọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n sì jẹ́ ẹni ọdún méjìlélógún, tíṣà kékeré tí owó oṣù rẹ̀ kì í pé oṣù. Ó rán an níléèwé. Nígbà tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣejáde lẹ́ẹ̀kẹta, tó ní aṣọ lòun fẹ́ máa fọ̀, ẹbí káwọ́ lérí. Ẹ̀gbọ́n sunkún fún odindi ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó ra ọpọ́n ńlá méjì àti páálí ọṣẹ kan, ó gbé wọn ka iwájú rẹ̀, ó ní, "Bó bá jẹ́ aṣọ lo fẹ́ fọ̀, fọ̀ ọ́ kó mọ́." Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá Funfun ti ń fọ̀ ọ́ kó mọ́. Ẹni tó bá mọ inú rò, á mọ ọpẹ́ dá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí gbogbo aṣọ wà lórí okùn, ó gbé ìwé náà sórí itan, ó fi pẹ́ńsù há etí. Ó ka aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé búlúù fún oṣù mẹ́fà gbáko. Ọ̀sẹ̀ kan kò kọjá kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan má gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì wá lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láì yẹ̀! Àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fò dìde.

"Éjẹ́ńtì ò purọ́ o! Ilé yẹn kún! Fóònù mi dà, kí n pe ẹ̀gbọ́n."

"Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Kò gbójú kúrò lára ẹ̀wù tó ń lọ̀.

"Kí ló dé?"

"Kí lo kà?"

"Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni mo kà."

"Ó yẹ kí n mọ̀." Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Ìwọ ń da aṣọ sínú ẹ̀rọ, èmi ni mò ń tú ìdì. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé búlúù, ṣé o ti rí àbàwọ́n lára rẹ̀ rí? Ṣé o ti rí irun orí kan ṣoṣo rí?"

Ọ̀gá Funfun ronú. "Mo rò pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n fọ̀ ni."

"O mọ̀ ọ́n fọ̀ lóòótọ́, ọkọ mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sùn lé e! Afẹ́fẹ́ omi tó ń fẹ́ sí ilé yẹn ló ń jẹ́ kí aṣọ máa rùn bí ẹní tó wà nínú àjà. Olùtọ́jú ilé fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé gbogbo Ajé àti gbogbo Ọjọ́bọ̀ lòun ń ká a, ẹni sùn o, ẹni ò sùn o. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó o kà yẹn, ọ̀rinrin lo kà."

Ọ̀gá Funfun rọra jókòó padà. Ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ó kù díẹ̀ kó fi ọ̀rinrin ra ilé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀!

"Kí ni kí n kà nígbà náà?"

"Táwẹ́ẹ̀lì. Kò sẹ́ni tó ń ká táwẹ́ẹ̀lì tó gbẹ. Ẹni tó bá sùn á wẹ̀, ẹni tó bá wẹ̀ á nura. Méjì ńlá ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ lóòjọ́ ní gbogbo àwọn ilé wọ̀nyẹn, yálà ẹnì kan ló wà níbẹ̀ tàbí méjì. Pín in sí méjì, iye ọjọ́ nìyẹn."

Wọ́n jọ kà á. Ìyàwó ń pè é, ọkọ ń kọ ọ́. Fúláàtì tó dáa jù nílé búlúù rí àlejò fún ọjọ́ mọ́kànlá lóṣù. Èyí tó burú jù kò ju ọjọ́ méje lọ. Ọ̀gá Funfun kà á lẹ́ẹ̀kejì, bóyá ojú rẹ̀ ló ṣì í. Mọ́kànlá náà ni. Nítorí pé pẹ́ńsù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ka ti àwọn yòókù náà, ìgbà yẹn ni ẹnu yà á. Àwọn fúláàtì kékeré mẹ́ta tó wà ní òpópónà ẹ̀yìn ọsibítù, tí ẹnikẹ́ni kì í ya àwòrán wọn, tí ògiri wọn ń bó, ọjọ́ ogún, ọjọ́ mọ́kànlélógún, ọjọ́ méjìlélógún ni wọ́n ń rí lóṣù. Òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, kò yí padà.

"Àwọn tó wá tọ́jú aláìsàn ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Táwẹ́ẹ̀lì wọn máa ń ní omijé nígbà mìíràn. N kì í fẹ́ sọ ọ́."

Ọ̀gá Funfun wò ó títí. "Ọlọ́run ló fi ọ́ jíǹkí mi, o mọ̀?"

"Ṣé òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀? Jọ̀ọ́, lọ ká aṣọ, òjò ń bọ̀."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oníbàárà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Lọ́jọ́rú, ó wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó lọ bá màmá tó ni fúláàtì tó ní òwú aláwọ̀ ewé nílé búlúù, nínú fúláàtì náà tí kò ní àlejò lọ́jọ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì ni màmá náà tẹ́lẹ̀, ó sì ti dàgbà. Ọ̀gá Funfun dọ̀bálẹ̀, ó rò fún un láì fi bò: ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ ra ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, òun sì ti ka táwẹ́ẹ̀lì. Ṣé òun lè sọ iye rẹ̀, láì dárúkọ ẹnikẹ́ni?

Màmá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń wo fèrèsé, níbi tí omi ti ń dán.

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n kọ fún un, àbí?"

Ó ya Ọ̀gá Funfun lẹ́nu. "Ẹ ti ṣe mọ̀, mà?"

"Ìwé kan náà ni wọ́n fún mi. Ọmọ mi, jókòó. Bí àwọn ọmọ mi bá ń bọ̀, màá ti ọjọ́ yẹn pa lórí fóònù kí àlejò má baà gbà á. Bí páìpù bá bẹ́, màá tún tì í pa. Lóṣù tó kọjá, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi tì í. Ẹ̀rọ tó ń kà á lókèèrè kò mọ̀yàtọ̀. Ó rí i pé ọjọ́ yẹn kò sí fún títà, ó ní wọ́n ti tà á nìyẹn. Gbogbo wa nínú ilé yìí là ń tilẹ̀kùn, ẹ̀rọ sì ń sọ fáráyé pé ilé wa kún." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dénú. "Ká ní mo ní àbúrò tó ń ka táwẹ́ẹ̀lì nígbà yẹn ni. Lọ sọ fún un. Dárúkọ mi bó o bá fẹ́."

Ọ̀gá Funfun dúpẹ́ dúpẹ́, ó dúpẹ́ dé ẹnu àtẹ̀gùn, títí màmá fi ní kó máa lọ, kó má fi ọpẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ òun.

Ọjọ́bọ̀ pé, ẹ̀gbọ́n dé. Ọ̀gá Funfun ka gbogbo rẹ̀ fún un, aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rinrin, táwẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ màmá nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n tẹ́tí sí i láì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí kò ṣe rí. Nígbà tó parí, obìnrin náà ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àpò rẹ̀.

"Mo ti ra aṣọ fèrèsé," ló wí.

Ìyàwó Ọ̀gá Funfun gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ.

"Mo ti lọ dúró ní fèrèsé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo bá dúró níbẹ̀, n kì í rántí pé mo ti fẹ̀yìn tì." Ohùn rẹ̀ wá le. "Ṣé o ò fẹ́ kí n ní nǹkan láyé ni? Ṣé o fẹ́ kí n wá máa jókòó sí yàrá ọmọ, kí ìyàwó ọmọ máa bi mí pé ṣé mo ti jẹun? Táwẹ́ẹ̀lì! Táwẹ́ẹ̀lì lo fi ń sọ ohun tí n ó ṣe fún mi!"

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọ̀gá Funfun wọ eegun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, láàárín omi ọṣẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo ní láyé, ọpọ́n méjì yín ló bí i. Ẹ̀rọ mẹ́ta tó ń yí yìí, ọpọ́n yín ni. Owó iléèwé àwọn ọmọ mi, ọpọ́n yín ni. Bí ẹ bá ní kí n bá yín fọwọ́ sí i lọ́la, màá wẹ̀, màá sì wá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n n kò lè rí ohun tí mo rí kí n dákẹ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ jẹ́ n bá yín wò ó."

"Dìde nínú omi," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Òtútù á mú ọ." Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ. Ọ̀gá Funfun kò jẹun ọ̀sán.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tó máa ń wọ̀ lọ pín ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ iléèwé. Éjẹ́ńtì tẹ̀lé e, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ tónítóní, fáìlì lábíyá. Ọ̀gá Funfun sáré dìde. Ó ti gbà pé wọ́n wá mú òun lọ fọwọ́ síwèé ni, ó sì ń wá ibi tóun fi ẹ̀wù sí.

"Ẹ kú iṣẹ́ níbí, sà. Ẹ kú iṣẹ́, mà," ni éjẹ́ńtì kí wọn. "Màmá ní ká kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ yín."

"Jókòó, ọmọ mi," ni ẹ̀gbọ́n wí fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá àga, kò rí, ó jókòó lé apẹ̀rẹ̀ aṣọ. "Mo ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Nínú ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó o kọ fún mi, mélòó ni àlejò fi sùn, mélòó ni onílé fi tilẹ̀kùn?"

Éjẹ́ńtì ṣí fáìlì. Ó wo ojú ewé kan, ó wo òmíràn. Ó tilẹ̀ ṣí fóònù rẹ̀.

"Má yára," ni ẹ̀gbọ́n wí. "N kì í na ọmọ tó bá ní òun ò mọ̀."

"Mà, n ò mọ̀ ọ́n." Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. "Bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ sí wa ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde. N ò rò ó pé ìyàtọ̀ lè wà níbẹ̀."

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Lọ bi àwọn tó fi ránṣẹ́. Máa bi wọ́n kó o tó fún ẹlòmíràn ní ìwé yẹn, torí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi lè má ní alágbàfọ̀ lẹ́bí. Èmi ò rà á mọ́."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dìde, ó tẹríba, ó dúpẹ́, ó sì jọ pé ó dúpẹ́ náà dénú. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán, ẹ̀gbọ́n gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí ìyàwó àbúrò rẹ̀. "Ọkọ rẹ sọ fún mi pé òun ì bá ti ṣì í kà bí kì í bá ṣe ìwọ. Ìyàwó mi, o ṣeun. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n mi lo yọ nínú omi. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣe é lásán."

"Àmín, mà." Ìyàwó fi igun aṣọ nu ojú, ó ní ooru áyọ́ọ̀nù ni.

"Ìwọ." Ẹ̀gbọ́n wá kọjú sí Ọ̀gá Funfun, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "N kò sùn dáadáa lánàá. Ohun tí mo sọ sí ọ yẹn, má fi sínú. Nígbà tó o fìdí rẹmi, mo rò pé iṣẹ́ mi lórí rẹ ti bàjẹ́ ni. Mo ń dúpẹ́ pé n kò já ọ jù sílẹ̀. Mo ń dúpẹ́ gan-an."

Ọ̀gá Funfun fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Ó kàn ń mi orí ṣáá.

"Owó mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ilé ẹ̀yìn ọsibítù yẹn, mo ń rò ó, ṣùgbọ́n n kò ní rà á lónìí, n kò sì ní rà á lóṣù tó ń bọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n fúnra mi ná." Ó fa àpótí kan sún mọ́ pẹpẹ, ó jókòó, ó sì wọ gíláàsì rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ìwé ńlá náà, ṣùgbọ́n kò ṣí i. "Èmi ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yìí. Kọ́ mi."

Ọ̀gá Funfun wò ó. Obìnrin tó kọ́ ọ ní a-b-d, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí síléètì, nìyí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí ìwé náà fún un, ó sì fi ìka sí ìlà àkọ́kọ́.

"Òwú pupa nìyí, mà," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ má wo aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibí yìí."